Kí Ẹ Tó Tẹ́ Ohunkóhun Lé Pákó Òkè Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́

Láti ìgbà tí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó jọ pákó ti kún ọjà, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ní Iléṣà níbí: "Ṣé mo lè tẹ́ ẹ lé pákó tó wà lókè ilé bàbá mi?" Ẹni tó tà á fún wọn ti ní kò sí wàhálà, kí wọ́n ṣáà gbálẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ. Káfíńtà ní kí wọ́n kọ́kọ́ kan plááwúùdù mọ́ ọn. Bíríkìlà ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí i, kí wọ́n lẹ táìlì. Mọ̀lẹ́bí tó wà ní Èkó ní kí wọ́n tú gbogbo pákó náà dànù. Ọ̀rọ̀ ò wá lórí mọ́, bẹ́ẹ̀ owó ti jáde lápò.

Mo mọ ìdí tó fi rú wọn lójú. Ilé tí à ń kọ́ lóde òní, dẹ́kìn ni òkè rẹ̀, ìyẹn kọnkéré. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn rí. Ṣùgbọ́n lágbègbè ààfin Ọwá, àti ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ilé tí àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, àti àwọn oníkòkó kọ́ ṣáájú òmìnira 1960 ṣì wà lórí ìdúró. Ògiri amọ̀ tàbí bíríkì ni wọ́n ní, pákó sì ni òkè wọn. Ohun tó bá dẹ́kìn mu lè ba pákó jẹ́ láàárín ọdún kan.

Kí ni ilẹ̀ pákó, kí sì ni ìtẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún nǹkan lórúkọ. Bí ẹ bá dúró ní yàrá ìsàlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí kò sí sílíìnì, tí ẹ wá gbójú sókè, ẹ ó rí àwọn igi gbọọrọ tó ti orí ògiri kan dé orí ìkejì. Àwọn yẹn ni mo ń pè ní igi ìdábùú. Pákó tí wọ́n tò lé wọn lórí, tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ wọn, ni ilẹ̀ pákó. Ohun tí a bá wá tẹ́ lé ilẹ̀ pákó, ì báà ṣe rọ́bà, ì báà ṣe táìlì, ì báà ṣe lámínéètì, ìyẹn àwọn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi etí kọ́ra, òun ni ìtẹ́lẹ̀.

Ẹ fi wé bẹ́ẹ̀dì. Igi ìdábùú ni férémù, ilẹ̀ pákó ni àwọn pátákó tí fóòmù ń sùn lé, ìtẹ́lẹ̀ sì ni aṣọ tí a tẹ́ sórí rẹ̀. Bí pátákó kan bá ti dá lábẹ́, kò sí bí aṣọ náà ṣe lè wọ́n tó, ẹ̀yìn yín á mọ̀ ọ́n lóru.

Kí ló dé tí pákó ò fi rí bíi dẹ́kìn?

Nítorí pé igi ń mu omi. Wọ́n gé e lulẹ̀, wọ́n là á, ó lo ohun tó lé ní 60 ọdún lókè ilé, síbẹ̀ kò yé mu ún. Kì í ṣe omi inú korobá nìkan ni mò ń sọ, omi inú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wo ilẹ̀kùn pákó ilé ìdáná yín. Ní oṣù keje, tí òjò ò dá, ẹ ó fi èjìká tì í kó tó wọlé sí férémù. Bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀kùn kan náà á máa gba afẹ́fẹ́ kọjá létí. Ẹnikẹ́ni ò fi ìfági kàn án. Igi náà ló wú nígbà òjò, òun náà ló súnkì nígbà ọyẹ́. Ìbú rẹ̀ ló sì ń wú o. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá.

Ká ní pákó 20 ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú yàrá kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi mìlímítà 1 péré wú, sẹ̀ńtímítà 2 nìyẹn láti ògiri dé ògiri. Láyé àtijọ́, àlàfo tóóró tó wà láàárín pákó ló ń gbé e mì. Àlàfo yẹn náà ni pákó ń gbà mí: omi tó bá mu lóru, afẹ́fẹ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Rọ́bà kò ní ihò. Ọjọ́ tí a bá tẹ́ ẹ, a ti di imú pákó láti òkè. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ dúró lé.

Ohun tí ojú mi rí ní yàrá Màmá Àgbà

Iṣẹ́ ilẹ̀ títẹ́ ni mò ń ṣe, èmi náà sì ti ṣe é sí ilé wa rí. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kí n bá òun tẹ́ rọ́bà sí yàrá òun lókè kí ọdún tó dé. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé pákó, ó gbẹ táútáú. Mo gbá a, mo tẹ́ rọ́bà, mo lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú wa dùn.

Ní oṣù keje tó tẹ̀ lé e, màmá pè mí pé yàrá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Lábẹ́ fèrèsé, ilẹ̀ ti rọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń rì díẹ̀. Mo ká rọ́bà náà sókè. Abẹ́ rẹ̀ ti bu, funfun lápá kan, dúdú lápá kan, bíi búrẹ́dì tí èèyàn gbàgbé sínú ọ̀rá. Mo ki ọ̀bẹ bọ pákó, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn ki ṣíbí bọ ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

Páànù ló ń jò sí ọkàn ògiri lókè fèrèsé, omi náà sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí orí igi ìdábùú ti wọ inú ògiri. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń jò bẹ́ẹ̀. Kí n tó dé, bí òjò bá dá, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́. Rọ́bà tí mo tẹ́ ni kò jẹ́ kó gbẹ mọ́. Pákó 3 la yọ dànù, a sì fi igi kún ẹ̀gbẹ́ igi ìdábùú kan. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ìtẹ́lẹ̀ wọ yàrá kankan kí n tó mọ ibi tí omi ń gbà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀?

Ẹ má ṣe wo àárín yàrá. Àárín yàrá máa ń gbẹ. Ẹ lọ wo abẹ́ fèrèsé, igun yàrá, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ibi tí orí igi ìdábùú ti wọ ògiri. Bí ẹ bá rí ibi tó dúdú ju ìyókù lọ, tàbí ibi tí orí ìṣó ti dípẹtà, ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Pákó tó le yóò kọ ọ̀bẹ; èyí tó ti jẹrà yóò gbà á láìjanpata.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń wọn omi inú igi, abẹ́rẹ́ méjì ló ní lórí. Bí ó bá fi ju 20 nínú 100 hàn yín, ẹ dúró. Igi tí omi rẹ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń mú igi jẹrà máa ń ráyè gbé inú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pákó gidi lẹ fẹ́ tẹ́ lé e, ẹ wọn ti òkè, ẹ wọn ti ìsàlẹ̀: omi inú méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fi ju 4 nínú 100 jìnnà síra. Bí pákó tuntun náà bá fẹ̀ tó íńṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má ju 2 lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ yìí, kó wo ilẹ̀ náà já àkókò òjò kan. N ò mọ ọ̀nà tó tún dájú ju ìyẹn lọ fún ẹni tí kò kánjú.

Ibi tí omi ti ń wá ni kí ẹ kọ́kọ́ dí. Kí wọ́n tún páànù ṣe, kí wọ́n dí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí wọ́n wá ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi omi korobá fọ ilẹ̀ pákó nítorí pé ẹ fẹ́ kó mọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbálẹ̀ àti aṣọ tí a fún gbẹ tó o.

Ikán ńkọ́?

Gbogbo kòkòrò tó ń jẹ igi là ń pè ní ikán, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, oògùn wọn náà sì yàtọ̀. Ikán tòótọ́ ń ti inú ilẹ̀ wá ni, ẹ ó rí ọ̀nà amọ̀ tóóró tó fi gun ògiri. Bí ẹ bá fọn oògùn sí pákó òkè nìkan, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí pé ilé wọn wà nísàlẹ̀. Òmíràn wà tó ń gbé inú igi gbígbẹ, tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ wá omi. Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń le, ó sì kéré ju hóró yanmọtí lọ. Ẹ̀kẹta ń sọ igi di ìyẹ̀fun kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a fi asẹ́ dáadáa sẹ̀, ihò rẹ̀ kò sì ju ti orí abẹ́rẹ́ lọ. Arère àti afàrà ni eléyìí fẹ́ràn. Ọkàn igi ìrókò àti ti apá máa ń le fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n apá funfun tó súnmọ́ èèpo, kódà lára ìrókò, wọ́n á jẹ ẹ́.

Ẹ fi èèkù òòlù kan pákó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá ń dún bí ìlù tó ṣófo, ẹ yọ ọ́ wò. Ìgbà tí pákó ṣì ṣí sílẹ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹ fi Solignum tàbí oògùn igi mìíràn kùn ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa, nítorí pé gọ́ọ̀mù kì í mú igi tí oògùn ṣì tutù lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń lo ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú mọ́tò. Ó lè lé kòkòrò sẹ́yìn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún mélòó kan ni yàrá á fi máa rùn, ó sì ń mú iná kíákíá. N ò ní í fi sí yàrá tí ọmọ ń sùn.

Kí ló ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀?

Káfíńtà àgbà kan ló kọ́ mi ní èyí. Mo dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú bàtà, bàbá wò mí lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ, bọ́ bàtà yẹn. Ẹsẹ̀ lásán ló ń gbọ́ ilẹ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá."

Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní kí n máa rìn lọ rìn bọ̀, ìgbésẹ̀ kéékèèké, láti ògiri dé ògiri. Ibi tó bá ti dún, wọ́n á fàlà sí i. Ibi tí kò dún ṣùgbọ́n tí mo bá ní ó ń mì, wọ́n á fi òbíríkítí yí i ká. Nígbà tí a fi parí, ilẹ̀ ti rí bí ojú tí wọ́n kọlà sí, a sì ti mọ gbogbo àìsàn rẹ̀.

Ìdí tó fi ń dún rọrùn. Ìṣó tí wọ́n kàn ní ohun tó lé ní 60 ọdún sẹ́yìn wọ inú igi tó ṣì tutù díẹ̀. Igi náà súnkì, ihò ìṣó fẹ̀, pákó wá ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lára ìṣó náà bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá tún fi òòlù gbá ìṣó náà wọlé, yóò jáde padà, nítorí ihò ọ̀hún ti gbó. Síkúrúù ló ń dá a dúró. Bí pákó bá nípọn tó íńṣì 1, ẹ lo síkúrúù íńṣì 2 tàbí 2½, kó gba inú pákó wọ igi ìdábùú. Bó bá jẹ́ ìrókò, ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pákó á là tàbí kí orí síkúrúù já. Ẹ sì bi onílé ibi tí wáyà iná gbà kí ẹ tó lu ohunkóhun. Àárín igi ìdábùú ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí.

Òbíríkítí ni kí ẹ bẹ̀rù ju ìlà lọ. Ibi tó ń mì, igi ìdábùú rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ẹ ní láti wọ abẹ́ rẹ̀ láti yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ fi igi tuntun lé ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ fi bóòtù so wọ́n pọ̀. Kò sí ìtẹ́lẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ṣé ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú pátápátá?

Ẹ gbé ọsàn kan sí àárín yàrá. Bó bá yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé ti fì síbẹ̀ nìyẹn. Èyí kò burú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló fì, ìtẹ́lẹ̀ á sì bá a fì. Ohun tó burú ni òkè àti ihò. Ẹ ya rénjì bíríkìlà, ìyẹn irin gbọọrọ tó tọ́, tó gùn tó mítà 2, ẹ fi lélẹ̀ lóòró, ní ìbú, àti ní ìdábùú igun sí igun. Bí àlàfo abẹ́ rẹ̀ bá ju mìlímítà 3 lọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Rọ́bà kì í pa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, ìlà pákó kọ̀ọ̀kan á jáde lójú rẹ̀ bí egungun ìhà màlúù tí kò rí koríko jẹ.

Òkè, ẹ fi ìfági fá a, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lu gbogbo orí ìṣó wọlé. Ihò kékeré, ẹ po ẹ̀rún pákó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun, kí ẹ fi dí i. Ẹ má da sìmẹ́ńtì lásán sí i. Pákó ń wú, sìmẹ́ńtì kì í wú. Kò ní pẹ́ tí á fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí á máa ró wùrùwùrù lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra gidigidi. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára pákó lè ní òjé nínú. Táìlì kéékèèké líle, íńṣì 9 ní 9, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ láyé ìgbà yẹn, lè ní asbestos nínú, ohun tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má ṣe fi sáńpépà ha wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Bí wọ́n bá mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi plááwúùdù bò wọ́n láì fọ́ wọn.

Ṣé dandan ni plááwúùdù?

Fún rọ́bà, mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Fún lámínéètì tó ní fóòmù lábẹ́, bí pákó bá ti tẹ́jú tí kò sì dún, kò pọn dandan. Fún pákó gidi tuntun, ẹ tẹ́ ẹ kó dábùú ti àtijọ́. Bí méjèèjì bá kọjú síbì kan náà, ibi tí ti ìsàlẹ̀ bá ti là ni ti òkè náà á ti là.

Plááwúùdù mìlímítà 6 tó fún rọ́bà bí ilẹ̀ pákó bá le. Bí àlàfo pákó bá fẹ̀, ẹ lo mìlímítà 12. Fíìtì 4 ní 8 ni wọ́n ń tà á, ẹ gbé e wọ yàrá náà gan-an, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 kó bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ra. Ẹ tò ó bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí igun mẹ́rin má ṣe pàdé lójú kan. Ẹ fi àlàfo tó lè gba káàdì ATM sílẹ̀ láàárín ọ̀kan àti ìkejì. Síkúrúù ní íńṣì 6 sí íńṣì 6 létí, kí orí wọn rì wọlé díẹ̀. Ìwé ìròyìn tí àwọn kan máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kò wúlò. Omi ló ń fà mọ́ra.

Táìlì lókè pákó ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ bíríkìlà yẹn. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn tó nípọn ní sẹ̀ńtímítà 5 máa ń wúwo tó bíi kílò 100 lórí mítà kan níbùú lóròó. Yàrá fíìtì 12 ní 12 fẹ̀ ju irú mítà bẹ́ẹ̀ 13 lọ. Ìyẹn lé ní kílò 1,300, bí ìgbà tí ẹ to nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 27 sílẹ̀ nínú yàrá, tí ẹ ò sì ní í kó o kúrò mọ́ láé. Táìlì fúnra rẹ̀ kò tíì sí nínú rẹ̀. Omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì náà, pákó ni yóò mu ún.

Táìlì kì í sì í tẹ̀. Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé kí ilẹ̀ má tẹ̀ ju ìdá kan nínú 360 gígùn igi ìdábùú rẹ̀ lọ. Fún igi fíìtì 12, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 10 péré, nígbà tí gbogbo ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi kalẹ̀, kí ẹnì kan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí omi náà bá ń mì bí ẹni ń jó, ẹ gbàgbé táìlì. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ìmúdúró ilé wá wo igi ìdábùú kí ẹ tó náwó. Èmi kì í gbà á lókè ilé ògiri amọ̀.

Ìsọ̀ inú kọ̀ntínà náà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ló wà nínú kọ̀ntínà. Plááwúùdù tó nípọn ní mìlímítà 28 ni ilẹ̀ wọn sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì ti fi oògùn kòkòrò rẹ ẹ́ nítorí ìrìn orí òkun. Ẹ má ṣe fá a láìlo ìbòmú. Ẹ gbé kọ̀ntínà náà lé orí búlọ́ọ̀kù kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyókù kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ti sọ.

Ìgbà wo ló dára jù láti tẹ́ ẹ?

Bí ẹ bá tẹ́ lámínéètì tàbí pákó gidi láàárín ọyẹ́, tí ẹ fún un pọ̀ mọ́ ògiri, yóò wú nígbà òjò, kò ní í ríbi lọ, yóò sì ru sókè láàárín yàrá. Ẹ fi mìlímítà 10 sílẹ̀ yí gbogbo ògiri ká, kí ẹ fi pákó etí ògiri bò ó. Pákó bíbò yẹn, ara ògiri ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe ara ìtẹ́lẹ̀, kí ìtẹ́lẹ̀ lè máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Ní ti yíyẹ omi wò, àkókò òjò ló dára jù, nítorí ìgbà yẹn ni ibi tó ń jò máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ní yàrá Màmá Àgbà, a ti tẹ́ gbogbo ibi tó kù. Igun abẹ́ fèrèsé ni a kò tíì fọwọ́ kàn. Pákó ìrókò tuntun 3 ló wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, màmá gbé àpótí wọn kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì ń bá mi tẹ ọwọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Bí òjò ọdún yìí bá kọjá tí ó ṣì gbẹ, màá wá parí rẹ̀.